Pèrègún Tó Hù Láàárín Odò

Ọta ìbọn mọ́kànlá ló bà mí lẹ́nu láàárín odò. Mo kó gbogbo wọn mì bí ẹni ń lo oògùn ibà, mo sì tún béèrè omi. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ yá yàrá nílé mi, ẹ jókòó kí ẹ ka ìròyìn ogun ààlà.

Ilẹ̀ kan wà tí odò wa yí ká. Àwa ń dáko ní ìdajì. Àwọn ará òdìkejì, níbi tí mo ti fẹ́ Abẹ́ní ìyàwó mi, ń dá ìdajì tó kù. Igi pèrègún tí àwọn baba wa gbìn ni ààlà. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo gé ọ̀pá pèrègún mẹ́fà, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ahéré ìyá mi, kí wọ́n lè rí ibi ta okùn aṣọ sí. Òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ hù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìlà pèrègún di méjì. Àwọn ará òdìkejì ní ti ẹ̀gbẹ́ ahéré ni ààlà, pé a ti ń jẹ ilẹ̀ wọn. Mo mọ̀ pé igi okùn aṣọ lásán ni. Ojú tì mí, mo dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi ń yan gàrí lọ́wọ́ ni ìbọn dún. Iná ti ń jó oko. A kó sínú odò, omi dé àyà. Inú oko kókó tí a sá sí ni Abẹ́ní ti yíjú sí mi.

"Bàbá Túndé, Ìyá dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó wú yẹn? Ẹ tún ń parọ́ lónìí náà?"

Ni mo bá padà. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́ní dúró létí omi, ìbọn lọ́wọ́. Nígbà tó rí ojú mi, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ dìde nídìí iná.

"Ulé mi ni mo wà. Ẹ má tẹ gàrí mi!"

Mo gbé wọn pọ̀n, mo la odò kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò lábẹ́ kókó, omi ara èso rẹ̀ la ń lá. Ẹni méjì kò délé mọ́, ọ̀kan tiwa, ọ̀kan tiwọn. Lẹ́yìn náà, ìbọn dákẹ́. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì, odò gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀ mọ́. Ẹyẹ nìkan ni ẹ ó gbọ́.

Ibi tí mo ti parọ́ nìyí: n kò padà. Abẹ́ní ló padà, òun ló pọn ìyá mi. Èmi wà lábẹ́ kókó, mo ń lá èso.