Káàdì Ọrùn Mummy Dockyard

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù àti òróró tí wọ́n fi ń dín puff-puff ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ họ́ọ̀lù tá a háyà fún àpéjọ àwa olólùfẹ́ eré tẹlifíṣàn àtijọ́ ní Thamesmead North, ní London. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, gbogbo èèyàn ló ń gbé ẹrọ̀fọ̀ wọlé. Ìwọ náà ní ẹ fẹ́ kó àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣàn àtijọ́ jọ, o ní kí n sọ ohun tí àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ àga, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ìyẹn ò le. Jókòó, kí n sọ èyí tó le fún ẹ.

Àgbà obìnrin kan wà láàárín wa nígbà náà. Ilé wọn wà nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè Woolwich Dockyard, la bá ń pè wọ́n ní Mummy Dockyard. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Kò sí ẹlòmíì nínú wa tó lè sín àwọn òṣèré ayé ọjọ́un jẹ bíi tiwọn: ìyálé oníjà, lándílọ́ọ̀dù ahun, ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà la fi wọ́n sí, kí wọ́n máa fi ohùn wọ̀nyẹn kí èèyàn káàbọ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo èèyàn fi ń wọlé.

Àwa náà la ṣe káàdì tí oníkálukú gbé kọ́rùn. Orúkọ wà lára ti gbogbo èèyàn, àfi ti àwọn àgbà. Ta ló máa kojú àgbàlagbà, táá máa bi í pé kí lorúkọ yín? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Bá a ṣe kọ “Mummy Dockyard” sí tiwọn nìyẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ẹ ti fi mí jẹ oyè rélùwéè.” A jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Báàgì àwa òṣìṣẹ́, títí kan ti Mummy, wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn họ́ọ̀lù. Alága wa tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó wakọ̀ lọ gbé àlejò wa, òṣèré àgbà kan, ní Woolwich. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Mummy ń fi ohùn lándílọ́ọ̀dù kí tọkọtìyàwó kan lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. A rò pé eré ni. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àfìgbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn kan rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n yọ̀ látorí àga, ni nọ́ọ̀sì kan lára wa ké pé ká pe àmbúláǹsì.

O mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dákú, orúkọ rẹ̀ la fi ń pè é padà. Wàá fi oríkì rẹ̀ kún un, kó lè mọ̀ pé òun gan-an là ń bá wí. Kí làwa fẹ́ pè? À ń pariwo “Mummy, Mummy” nínú họ́ọ̀lù tó jẹ́ pé ìdajì obìnrin ibẹ̀ ló ń jẹ́ Mummy. Ẹnì kan tiẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. Ojú Mummy Dockyard là sílẹ̀, wọn ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Àfi bá a ṣe gbọ́ tí fóònù wọn ń dún nínú yàrá tí alága tì pa. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. A fi èjìká ti ilẹ̀kùn, kò mì.

Àmbúláǹsì dé. Obìnrin tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ bi wá pé kí lorúkọ aláìsàn, à ń wo ara wa. Ó gbé káàdì ọrùn wọn sókè, ó kà á, ó wá wò mí. Ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì wa bá wọn wọ ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí títì ni alága dé. Mo já kọ́kọ́rọ́ gbà, mo ṣílẹ̀kùn, fóònù ṣì ń dún. Ọmọbìnrin Mummy ni, tó máa ń pè wọ́n lọ́sàn-án Sátidé. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ Mummy?”

Ó ní, “Ẹ ò mọ orúkọ màmá mi?”

Ó wá sọ ọ́. Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́. “Àbẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ pè,” ló wí, ó ti ń sunkún. “Ìyẹn ni wọ́n máa ń dáhùn.”

Mo jáde sínú òjò, mo kọjú sọ́nà tí àmbúláǹsì gbà, mo ń pe Àbẹ̀kẹ́ títí ohùn mi fi há. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí nọ́ọ̀sì fi pè wá pé Mummy ti lọ. Mi ò sọ pé orúkọ ì bá dá wọn padà o. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló ya wọ ọpọlọ wọn. Ohun tó ń dùn mí dòní ni pé àárín àwọn tó fẹ́ràn wọn ni wọ́n ti ṣubú, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó pe orúkọ wọn sí wọn létí.

Nítorí náà, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ sì bèèrè orúkọ àwọn àgbà. Ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè. Nígbà tá a tún ṣe àpéjọ náà, mo bi ìyá àgbà kan, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní, “Mummy, kí n lè pè yín ni.” Wọ́n ní ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi àwọn, wọ́n wá sọ ọ́ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, mo pè é. Wọ́n sì dá mi lóhùn.