Ìkòkò Tí Kò Mọ Ẹja

Òórùn wàrà tó ń hó dànù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, yìnyín ti bo gbogbo àgbàlá wa ní Glenn Dale lókè òkun, mo sì rò pé ògì màmá mi ló dà sórí iná. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí sítóòfù wa. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì ni òórùn náà ti ń wá. Àwọn ará Íńdíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé gbé iná gáàsì síta nínú òtútù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wàrà àti ìrẹsì hó kọjá etí ìkòkò, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nílé tiwa, ìgbátí ni ẹni tó bá jẹ́ kí wàrà dànù máa gbà. Mo lẹ imú mọ́ gíláàsì fèrèsé, ó ń ṣe mí bíi kí n fò jáde.

Bí mo ṣe rí nìyẹn, n kì í lè fìdí kalẹ̀. Màmá mi, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, máa ń bi mí pé, "Títí, ṣé èèrà wà nínú aṣọ rẹ ni?" Kí oṣù náà tó parí, mo ti mọ orúkọ ọmọbìnrin ẹ̀yìn fẹ́ńsì. Anjali ni, ẹgbẹ́ mi ni. Bí ti ilé wa, màmá mi sọ ìyá rẹ̀ di Màmá Anjali, obìnrin náà sì ń jẹ́ ẹ.

Tẹ́ńpìlì wọn wà ní òpin títì wa. Láti ìgbà náà, kàlẹ́ńdà iléèwé ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi mọ́, ọdún tẹ́ńpìlì ni mo ń kà. Ọdún ìrẹsì àti wàrà yẹn, Póńgálì ni wọ́n ń pè é. Bí òtútù ṣe ń dínkù ni Hólì dé, wọ́n da àtíkè pupa àti aláwọ̀ ewé síra wọn lára títí n ò fi dá Anjali mọ̀ láàárín wọn. Nígbà ooru, wọ́n so jangirọ́fà kékeré fún òrìṣà kan tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n ń fì í bí ẹni ń rẹ ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni òrìṣà tó ní orí erin, tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n jó yí ká, tí wọ́n sì gbé sínú omi kó yọ́. Gbogbo èyí, ẹnu Anjali ni mo ti ń gbọ́ ọ, tàbí kí n yọjú wò ó láti ìta. Ṣe ni mọ́tò máa ń kún títì wa, òórùn káńfọ̀ á sì gba inú afẹ́fẹ́, irú èyí tí màmá mi máa ń kó sáàárín aṣọ òkè rẹ̀. Inú mi kì í balẹ̀ títí ọdún náà yóò fi parí, inú mi á tún máa dàrú nítorí pé ó ti parí.

Ní ọdún tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan ni Màmá Anjali ń gbé abọ́ onírin kan wá fún wa. Màmá mi á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, ó di inú pàǹtírí. Ọmọ katikíìsì ni màmá mi n'Ìbàdàn. "Oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà ò wọ ọ̀fun ẹnikẹ́ni nílé yìí."

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ ní ẹ máa ń jẹ ẹran Iléyá."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Lọ ka ìwé rẹ jàre."

Síbẹ̀, abọ́ tó gbé oúnjẹ wá kì í padà lófo, òfin màmá mi nìyẹn. Á fọ abọ́ náà tó máa dán, á kó mọ́ínmọ́ín sí i, á sì ní kí n gbé e lọ. Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ kì í ṣe ti ahun o: ẹja títù, edé lílọ̀, ẹyin sísè.

Nígbà tí Dìwálì ku díẹ̀, Anjali ní kí n wá bá àwọn tan fìtílà ní tẹ́ńpìlì. Mo bẹ màmá mi, mo sunkún, mo fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí sí. "Kí ni ọmọ-ọmọ katikíìsì ń wá níwájú òrìṣà? Bí o bá tún fẹnu kàn án, o ò ní dé ẹ̀yìn fẹ́ńsì yẹn mọ́." Kò sí ohun tí mo bẹ̀rù ju pé kí n pàdánù Anjali.

Ọjọ́ Dìwálì gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Wọ́n ṣe àríyá ní kíláàsì wa, Anjali ò fọwọ́ kan písà torí ẹran orí rẹ̀. Mo délé, mo bá màmá mi tó ń to mọ́ínmọ́ín sínú abọ́, mo sì sọ ọ́ bí ìròyìn lásán pé: "Mọ́mì, Anjali ní ohun tó bá lójú, àwọn kì í jẹ ẹ́ nílé àwọn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlàjì ẹyin tó wà láàárín mọ́ínmọ́ín náà ń wò ó bí ojú.

"Yéè! Èèwọ̀ ni mo ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ látọdún yìí!"

Ẹ má gbàgbé pé katikíìsì ni bàbá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jẹ òkété rí nílé wọn, torí pé àwọn baba ńlá wọn ò jẹ ẹ́. Màmá mi lè kọ òrìṣà, kò lè fi èèwọ̀ ṣeré. Mo ní ká pè wọ́n lórí fóònù. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló wí. Ó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, ó fà mí lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kankan nílé wọn. A gba tẹ́ńpìlì lọ.

Màmá mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, Sáàmù ń lọ lábẹ́nu rẹ̀. Fìtílà kún ilẹ̀ lọ súà. Ohun tí mo ti ń wá látọdún náà nìyí, n ò sì lè wò ó dáadáa, ojú màmá mi ni mo ń wò. Bí Màmá Anjali ṣe yọ sí wa, tí Anjali tẹ̀ lé e, màmá mi kúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n lédè wa ni mo ṣe ń rántí rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, ẹja wà nínú ẹ̀. Ẹyin wà nínú ẹ̀. N ò mọ̀ ni."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde o! A ò jẹ ẹ́ rí. Ọkùnrin tó ń darí mọ́tò níta ló ń jẹ ẹ́. Ó ti ń bi mí bóyá tòní ti dé."

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n màmá mi ò lè gba ìdáríjì láàbọ̀. "Èmi náà," ló wí, "tiyín, mo máa ń dà á nù ni. Torí òrìṣà yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá Anjali. Mo di ọwọ́ Anjali mú, mo rò pé ó tán nìyẹn. "Gbogbo ẹ̀?" ló béèrè. Màmá mi ní gbogbo ẹ̀. Obìnrin náà wọlé padà.

Láti ìgbà náà títí di oṣù kìn-ín-ní, n ò sùn ire. Lọ́jọ́ Póńgálì, aago ilẹ̀kùn wa dún. Abọ́ onírin náà ni. "Èyí ò tíì dé iwájú òrìṣà kankan," ni Màmá Anjali wí, ó sì yíjú padà lọ. Anjali ló ṣàlàyé fún mi: nílé wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tọ́ oúnjẹ ọdún wò kí òrìṣà tó jẹ. Ìyá rẹ̀ ti jí ṣáájú gbogbo wọn, ó se ìkòkò tiwa lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, ó jókòó. Ó jẹ ẹ́, ó lá ṣíbí. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìkòkò tuntun, ó ní ẹja ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ láéláé. Ìkòkò Màmá Anjali là ń pè é.

Màmá mi ti padà s'Ìbàdàn báyìí, àwọn Anjali ti kó lọ sí Texas. Ọ̀dọ̀ mi ni ìkòkò náà wà, ní Brandywine, níbi tí ilé tuntun ti fara kan ilé tuntun. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà mọ ohun tó ń hó lórí iná aládùúgbò láti oṣù kìn-ín-ní dé ìparí ọdún. Èmi àgbàlagbà yìí, àwọ̀ mọ́tò wọn nìkan ni mo mọ̀. N ò tíì lè fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Láti fèrèsé dé fèrèsé ni mò ń lọ, n kì í sì í ṣílẹ̀kùn. Ojú ń tì mí.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ ìkòkò náà kalẹ̀, mo rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sómi. N ò tíì mọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún, n ò sì mọ ohun tí wọn kì í jẹ. Mo ní láti lọ béèrè kí ẹ̀wà tó rọ̀.