Íńtánẹ́ẹ̀tì Inú Báàgì àti Ajílẹ̀ Tó Ń Wá Ilé

Ọjọ́ tí ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ wọ ilé ìkàwé wa ní Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, mo rò pé ó fẹ́ ta wá lọ́rẹ aṣọ fèrèsé ni. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wo òkè àjà bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá Láíbìrì, ulé yìí dáa o," ló wí. "Ó tóbi ju ùwé lọ. Ajílẹ̀ a máa gbádùn ibẹ̀."

Ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà náà. Nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Òǹdó, a pín àga, a pín tábìlì, a pín fáìlì, ṣùgbọ́n ilé kò ṣeé dì sẹ́yìn ọkọ̀. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá ti rí òrùlé tí kò jò, oorun ò ní kùn ún mọ́ títí yóò fi gbà á. Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa ní káńsù. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun yà wò wá, ewúrẹ́ nìkan lòun bá níbẹ̀.

"Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Adó wá ṣí kọ̀ǹpútà yín," ó ní. "Tó bá bá òǹkàwé níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ṣì jẹ́ tiyín. Tí kò bá bá ẹnì kankan, ẹ kó ìwé yín kúrò, kí ẹ fún ajílẹ̀ láyè."

Ẹ̀rù bà mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, àárín ìwé ni mo wà. Mi ò mọ ajílẹ̀ tò.

Kọ̀ǹpútà tí ó wí yẹn, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé e wá. Ìwé àṣẹ bá a wá pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi gé ríbọ́ǹ. Èmi náà da aṣọ léèsì bò ó kí eruku má bàa dójú ti ìjọba. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń jókòó tì í, tí màá gbójú sí fèrèsé, tí màá máa wo òkè Olósùnta. Àpáta yẹn àti kọ̀ǹpútà wa, èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ jù, mi ò lè sọ.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé nǹkan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn olùkọ́: àwòrán, ìbéèrè ìdánwò, oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Ni mo bá di èrò káfè tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Màá tẹ ohun tí mo bá rí sórí ìwé, màá kó o sínú báàgì, màá gbé e wálé. Bí àwọn olùkọ́ ṣe gbọ́ nìyẹn. Olùkọ́ jọ́gíráfì ní òun ń fẹ́ àwòrán òkè tó ń pọ iná. Ọ̀kan wá láti Èmùré, ó rọra sọ sí mi létí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi íńtánẹ́ẹ̀tì léèrè ìgbà tí owó oṣù wa máa jáde."

Mo ní ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn báàgì mi ni ọgbọ́n sọ sí mi nínú. Mo gbé ìdíje ìwé kíkà kalẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le: mú ìwé kan, kà á, wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò bá tíì sọ tirẹ̀, kò ní rí nǹkan gbà nínú báàgì, kò sì ní fi ìka kan kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ wá wo olùkọ́! Àwọn tí kò wọ ọ̀dọ̀ wa rí ń jà sí ìwé tó tín-ín-rín jù.

Pírínsípà Fáladé nìkan ló mú èyí tó nípọn. Ọkùnrin gíga ni, kì í rìn láìwọ kóòtù, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti kàwé tán. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó fi ilé sílẹ̀ lọ wá ìyá rẹ̀ ni ìwé náà. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó wú ikọ́, ó sì sọ ìtàn náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àkópọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ló kà sí wa létí. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí mo ti ka ìwé náà dé òpin.

Arábìnrin Dúpẹ́, olùkọ́ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, nawọ́.

"Sà, ṣé ọmọ náà padà délé?"

Pírínsípà tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ìyẹn," ó ní, "ni kí ẹ lọ kà fúnra yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pàtẹ́wọ́ tèmi náà. Ṣé èèyàn a máa lé oníbàárà ni?

Àṣé ìbéèrè náà kò jẹ́ kó gbádùn. Kò pẹ́ sígbà náà, ó já wọlé bá mi, kò tilẹ̀ wọ kóòtù. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Láíbìrì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi irú ìwé báyìí sílé ìjọba? Mo kà á dé òpin. Mi ò lè jẹun!"

Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí kọ̀ǹpútà pé. Àwọn olùkọ́ kún gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ó ti gbé ọkọ̀ ajílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá tó ti Adó wá gé ríbọ́ǹ. Ó ká léèsì kúrò, ó fi ìka tẹ kọ̀ǹpútà láti orí náílọ́ọ̀nù. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, nítorí náà kò sẹ́ni tó so ó mọ́ iná. Síbẹ̀ àtẹ́wọ́ ròkè lálá.

Ojú ti ọ̀gá náà. Ó yíjú sí ọkọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbí gan-an?" Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń yọ téèpù.

Pírínsípà Fáladé dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọbìnrin náà, èyí tó kà lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí: bó ṣe jáde nílé, bí òjò ṣe bá a lọ́nà, bó ṣe ń béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀gá láti Adó jókòó, ó gbàgbé pé wọ́n ń retí òun níbòmíràn. Ibi tí ọmọ náà ti rí iná kan lọ́ọ̀ọ́kán ni Pírínsípà dákẹ́ sí.

"Ó wá délé àbí kò délé?" ọ̀gá náà kígbe.

"Ìyẹn ni kí ẹ wá kà fúnra yín, sà," Pírínsípà ní. "Ṣùgbọ́n bí ajílẹ̀ bá wọ ibí, mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i."

Ọ̀gá náà wo ọkọ̀ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé pàǹtí yẹn kúrò níbí!" Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Pírínsípà, ó fi sí abíyá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ilé ìkàwé Ìkẹ́rẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Ìwé náà kò padà wá mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ṣoṣo tí a ní sì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún mi, wọ́n ní kí Pírínsípà Fáladé gbàdúrà. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi dìde. Kó tó la ẹnu, Arábìnrin Dúpẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn, "Sà, ọmọ náà ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Pírínsípà. Ó wò mí, ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Ó délé," ó ní.

Ayọ̀ sọ, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Èmi àti Pírínsípà nìkan la mọ̀ níbẹ̀ pé ọmọ náà kò délé. Omi bọ́ lójú mi, mo ṣe àmín. Ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́, kó lọ gba ìwé wa padà ní Adó.