Ìjà Ilé Tẹ́tẹ́ ní Odode

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, nígbà tí ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ku oṣù díẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń sá kòkó sẹ́bàá títì, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo Ìdànrè kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n sọ bí àwa obìnrin ìjọ ṣe lé ilé tẹ́tẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ìtàn tí ẹ gbọ́ kì í ṣe irọ́. Wọ́n kàn yọ ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ṣe ọ̀gá rẹ̀ gbẹ̀yìn wà ní Odode, apá Ìdànrè tó wà nísàlẹ̀ òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n sì ń ta bíà níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún fi mọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó ju orúkọ àwọn wòlíì inú Bíbélì lọ. Èmi ni alága àwọn obìnrin ìjọ Áńgílíkà wa nígbà náà. Mo gbà pé Kristẹni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún olóṣèlú nìkan. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ tí a ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ, obìnrin kan tó lo híjáàbù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀. Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n ń bá onílẹ̀ kan ṣe oko kòkó ní Atosin, wọ́n sì jọ ń pín ohun tí oko bá mú wá. Ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ilé-ìwé wa.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní, "mi ò wá gbọ́ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ilé tẹ́tẹ́ yẹn ni mo bá wá. Ọkọ mi kì í délé mọ́ láìyà síbẹ̀. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ mi ti ń tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Wọlé, wá jókòó. Ọ̀rọ̀ tìẹ náà ni."

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Òun ló ń bá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé kí àwọn èèyàn lè buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a kọ sí káńsù pé kí wọ́n lé ilé tẹ́tẹ́ náà. Bí mo bá fẹ́ máa ka Bíbélì fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ sọ ti àwọn ọmọ." Bí àkókò ìrun bá tó, èmi á jókòó dè é. Bí mo bá ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, òun náà á jókòó dè mí níta.

Lọ́jọ́ tí a wọ́de lọ sí káńsù, èmi àti òun la di etí aṣọ tí a kọ̀wé sí mú níwájú. Òjò ká wa mọ́nà. Àwọn ọlọ́kadà ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ dáná!"

Sìdíkátù dá wọn lóhùn. "A ti dáná ká tó jáde. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Méjì nínú wọn tilẹ̀ tẹ̀ lé wa. Alága káńsù gba ìwé wa, ó ní àfi tí ìpínlẹ̀ bá ṣòfin sí i.

Ibẹ̀ ni òṣèlú ti wọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan tó ń du ipò aṣòfin ní bí a bá dìbò fún òun, òun á gbé àbá òfin lọ sí Àkúrẹ́ pé kí ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí jìnnà sí ilé-ìwé. Ó tún ní òun á rí i pé olùkọ́ Bíbélì wà ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba. Inú ìjọ, lọ́jọ́ Ìsinmi, ló ti fẹ́ wá ṣèlérí náà. Pásítọ̀ tó jẹ́ olórí àpapọ̀ àwọn ìjọ ìlú wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ìbò àwọn Kristẹni ni ọkùnrin yìí ń wá. Wọ́n á ya fọ́tò. Obìnrin oníhíjáàbù yẹn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú."

"Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, òun ló jẹ́ kí àwọn ará oko buwọ́ lùwé."

"A mọ̀. Ẹ ṣáà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mi ò kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí òfin náà má bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo lọ bá Sìdíkátù níbi tó ti ń yí kòkó lórí ẹní, mo sì sọ ọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kí n wá, Màmá, àbí wọ́n rán yín ni?"

"Wọ́n rán mi ni."

"Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín gẹ́lẹ́." Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró. "Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ìyàwó olóṣèlú yẹn ló di etí kejì aṣọ náà mú. Wọ́n ya fọ́tò. Ọkọ rẹ̀ wọlé ìbò. Lẹ́yìn tí a ti lọ Àkúrẹ́ títí ó fi sú wa, wọ́n ṣòfin náà, wọ́n sì tú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, ọ̀dọ̀ Sìdíkátù ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Aládùúgbò rẹ̀ ní wọ́n ti kó lọ. Ó ní bóyá Ìwó ni, bóyá oko mìíràn lọ́nà Oǹdó.

"Ṣé kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?"

"Rárá o, Màmá."

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò wọlé. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá wà nínú takisí tí mo gbọ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìwó, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Ẹ ní kí n sọ èrè ìjà náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í gba iwájú ọtí kọjá mọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn onítẹ́tẹ́ ti lọ kọ́lé sí oríta, a ò tíì rí wọn bá jà níbẹ̀. Olùkọ́ Bíbélì tí wọ́n ṣèlérí, a ṣì ń retí rẹ̀. Mo ti lọ bẹ káńsù, mo ti lọ bẹ aṣòfin, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń bẹ ọ̀rẹ́ tí èèyàn ò mọ ibi tó wà, ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀.