Orin Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Ìyá Mi Gbè

Ọkùnrin kan wá sí Òkè-Òpin, ó gba àlọ́ lẹ́nu ìyá mi: àlọ́ ọmọbìnrin tí odò gbé lọ, tí ìyá rẹ̀ ń fi orin pè é létí omi. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe ópẹ́rà, eré tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe é n'Ílọrin, mo mú ìyá mi àtàwọn ọmọ mi lọ. Aṣọ ìkórè ló wọ̀. Bí obìnrin orí ìtàgé ṣe dá orin náà, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìyá mi gbè é. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ ò bá gbe orin àlọ́, ẹni tó ń pa á á dákẹ́ ni, á ní ẹ ti sùn.

Ọmọge tó ń fi ìjókòó han èrò sáré wá. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

Ìyá mi wò mí. "Ta ló máa wá bá a gbè é?"

Inú bí mi. Nígbà tó parí, wọ́n pe ọkùnrin náà jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Òkè-Òpin.

Nígbà ọlidé, àwọn ọmọ mi ní kí màmá àgbà pa àlọ́ náà fún àwọn. Ó dá orin. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wò ó. Ó dúró dè wọ́n.

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un.