Gààrí Mi Tí Ọlọ́kadà Pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará Fiditi tí ẹ rí mi tí mo gbé báàgì kọ́ apá kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹ ń sọ pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ti sá lọ, n kò sá. Ilora ni mo lọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín fúnra mi, kí ẹ tó bá mi rò ó.

Àpò gààrí mọ́kànlá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé mi jáde. Láti ìgbà tí àwọn mọ́tò ńlá ti ń gba ọ̀nà tuntun, tí wọn kì í wọ àárín ìlú mọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń yà sọ́dọ̀ mi. Òjò sì ti dé, bí gààrí bá fa omi, ó di oúnjẹ adìyẹ nìyẹn. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ní kí n pa iná agbada, kí n wá bá òun tọ́jú àwọn ọmọ n'Ìbàdàn. Mo ní tí àpò wọ̀nyẹn kò bá lọ kí oṣù tó parí, mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ilé tí wọ́n ń ti géètì rẹ̀ pa látàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ tó wá rú mi lójú ni ti Ìyá Rísì tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé gààrí inú ọ̀rá kọjá níwájú mi. Àwòrán obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lára ọ̀rá ọ̀hún. Ó ní, "Gààrí Súlíà ni, láti Ilora." Ilora! Ṣé orí òkè ni ẹ̀gẹ́ tiwọn ti ń hù ni? Mo ní n ó lọ fojú ara mi rí i. Mo di díẹ̀ nínú tèmi sínú báàgì, mo jáde.

Awakọ̀ ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi kún, ó ti di ẹgbẹ̀rin. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní epo ti wọ́n. Mo ní, "Níbi tí a jókòó sí yìí náà?" Kòtò ọ̀nà ló dá mi lóhùn títí a fi dé Jobele, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n lọ aṣọ wọn dáadáa, ojú wọn nìkan ni kò tíì jí.

Ní Ilora, mo bọ́ sórí ọ̀kadà, ọ̀ọ́dúnrún náírà.

"Mọ́mì, níbo là ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Súlíà onígààrí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé o máa ń dé Fiditi?"

"Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Mọ́mì."

"O mọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà, tó ní pátákó búlúù, 'Àánú Olúwa Pọ̀'?"

"Háà, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn! Ọjọ́ wo ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìsìn? Mi ò rí ènìyàn níbẹ̀ rí."

Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́. "Gààrí ni mò ń tà níbẹ̀!"

"Níbo lẹ kọ gààrí sí, Mọ́mì?"

Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ pátákó, ìyìn Ọlọ́run ló gbà á tán. Gààrí náà ńkọ́? Inú yàrá ni mo kó o sí, kí ayé má baà ka àpò mi, kí wọ́n má fojú burúkú wò ó. Mo fi í pamọ́ fún ọ̀tá débi pé oníbàárà náà kò rí i.

Ṣọ́ọ̀bù Súlíà kò tó ilé ìdáná mi. Ó gbé abọ́ gààrí síta, omi tútù àti ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n tọ́ ọ wò.

"Èló ni ìtọ́wò?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Mà."

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tọ́ ọ wò. Kò burú, kò dára. Kò kan. Ọ̀rá tí kò tó kóńgò, ẹgbẹ̀fà náírà! Tèmi, kóńgò tó ga bí òkìtì, pẹ̀lú ènì, ẹgbẹ̀rún kan. Orí mi dàrú. Mo sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo tú tèmi, ó da omi sí i. Ó mu ún tán.

"Mà, tiyín dára ju tèmi lọ."

"Mo mọ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

Ẹ ò rí ọmọ yìí! Ó ní nínú èrè òun ni òun ti ń yọ owó ọ̀rá, owó ìtọ́wò, àti ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ òun ní rédíò. Ó pe ti ọ̀rá yẹn ní bráńdì, ìyẹn ni pé kí ènìyàn rí ọjà lókèèrè kó ti mọ ẹni tó ni ín.

Mo ní, "Owó yẹn kì í dùn ọ́?"

"Mà, ṣé owó igi ìdáná máa ń dùn yín? Ẹ lè dín gààrí láìsí igi? Nígbà tí ẹ ń kiri ọjà lọ́mọdé, ṣé ẹnu yín dákẹ́?"

Kò dákẹ́ o! Ohùn mi máa ń dé ojúlé kẹwàá. Ọjọ́ tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ni mo pa ẹnu dé, torí mo gbà pé akiri nìkan ló ń polówó. Ọdún mélòó ni mo ti jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí mò ń retí kí wọ́n wá mi wá?

Nínú ọkọ̀ àbọ̀, èrò kún. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bu gààrí tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo lahùn: "Gààrí Fiditi rè é o! Ó kan, ó gbẹ, ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń kún abọ́!"

Awakọ̀ ní, "Ìyá, ẹ má dí wa létí!" Kò pẹ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn: "Ẹ fún èmi náà ní díẹ̀."

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bi mí pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo fẹ́ẹ́ sọ orúkọ ara pátákó, mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi." Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mi sọ̀kalẹ̀. Mo wọ́ àpò kan jáde síta, lójú gbogbo ayé, mo tú ẹnu rẹ̀. Ìyá Rísì yọ jú lójú fèrèsé. Mo ní kó wá tọ́ ọ wò, ọ̀fẹ́ ni. Ó wá, ojú ń tì í, ó ra kóńgò méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àpò yẹn ti dé ìdajì.

Mo pe Bọ́sẹ̀ pé kó ṣì wá ẹlòmíì tí yóò bá a gbé ọmọ. Àpò mẹ́wàá àti ààbọ̀ ló kù, n kò mọ̀ bóyá wọn yóò tán. Títí di ìsinsìnyí, kò yé mi bí àwòrán ẹ̀rín ṣe ń ta gààrí tí kò kan. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ìpolówó sọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ owó igi ni mo ń fi í sí.

Akọ̀wé pátákó wá lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kó kọ GÀÀRÍ síwájú, gàdàgbà. Ó bi mí pé 'Àánú Olúwa Pọ̀' náà ńkọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn. Ọlọ́run yóò rí i níbẹ̀. Oníbàárà ni ojú rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn pátákó.