Kókó Tó Yọ sí Ọmọ Mi Lọ́rùn

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo gbogbo òrùlé páànù Accra, ètè ń là, oòrùn sì yọ bí ẹni tí kò fẹ́ jáde. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, tí a jọ ń ta ọṣẹ ní ọjà Okaishie, wọ ọkọ̀ trotro lọ gba èsì àyẹ̀wò ní ọsibítù.

Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kókó kan ti yọ sí i lọ́rùn, nítòsí èjìká. Ó fẹ́ lọ ọsibítù nígbà náà, èmi ni mo dá a dúró. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́, kò sí èyí tí ọrùn rẹ̀ kò so kókó rí: eyín dídùn, ọ̀fun dídùn, egbò orí. Gbogbo rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀.

"Irun tó o dì ló fà á," mo wí. "Ó le jù. Tú u."

"Dókítà Màámi," ó ń rẹ́rìn-ín, "aṣọ funfun nìkan ló kù kẹ́ ẹ wọ̀."

Ó tú irun, kókó kò lọ. Láràárọ̀ ni mò ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi òrí pa á, òun náà á fi ìbòrí rẹ̀ bò ó, a ó gba ọjà lọ. Kò dùn ún, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ń rù sí i. Òógùn ń rin aṣọ rẹ̀ lójú oorun. Mo ní ooru ni. Ìgbà tó rù jù ni mo tó gbà kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ èsì náà, dókítà tẹ kókó náà, ó le, kò yẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn dé àyà. Ìtọ́jú wà, àmọ́ ì bá rọrùn ká ní a tètè wá. Ó ní kí ló dá wa dúró? Mo lanu. Ọmọ mi ṣáájú mi.

"Dókítà, ọjà ni kò jẹ́ kí n ráyè."

Kò wo ojú mi. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ó tán síbẹ̀." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, n kò ṣí sọ́ọ̀bù. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ní egbò lórí, kókó kéékèèké méjì sì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan àwọn kókó náà, wọ́n ń yí lábẹ́ ìka, ọmọ sì ń ké pé ó ń dun òun.

"Nana, egbò orí ló fa èyí," ó fi èdè Twi sọ fún mi, ó ń pè mí ní ìyá àgbà. "Tí egbò bá jiná, á lọ fúnra rẹ̀. Ta ló dẹ́rù bà yín?"

Mo gba ìpara egbò, mo tún ọmọ pọ̀n.